Ẹ Tẹ̀ Ẹ́, Ẹ Dì Í Mú: Bí A Ṣe Tún Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe fún Autocross

A kò ní orúkọ fún un ní èdè Yorùbá, n kò sì fẹ́ fi ipá sọ ọ́ lórúkọ. Autocross ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Bí mo bá pè é ní eré ìje ọkọ̀ lásán, ohun tí yóò wá sí ọkàn ẹ̀yin òǹkàwé mi ni ogún tàbí ọgbọ̀n ọkọ̀ tí wọ́n ń lé ara wọn kiri lójú ọ̀nà yípo, tí èéfín ń rú túú, tí òmíràn ń forí sọ ògiri. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Bí mo bá sì pè é ní eré àsápajúdé, bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti pè é sí mi létí lórí fóònù, a jẹ́ pé mo ti dá ẹjọ́ kí n tó gbọ́ ti ẹnìkejì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tó jẹ́, kí n tó sọ ohun tó gbé olùkọ́ Yorùbá láti Ìbàdàn lọ jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n fi jáàkì gbé sókè ní Maryland.

Ilẹ̀ gbalasa tó tẹ́jú, tí wọ́n da ọ̀dà sí, ni wọ́n ti ń ṣe é: àyè ìgbọ́kọ̀sí pápá ìṣeré ńlá, tàbí pápákọ̀ òfurufú tí a kò lò mọ́. Wọn yóò to àwọn ohun rọ́bà aláwọ̀ ọsàn, tí ẹnu wọn ṣóńṣó sókè, sórí ilẹ̀ náà láti fi la ọ̀nà tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Kóònù ni wọ́n ń pè wọ́n. Òkòtó ni èmi ń pè wọ́n, nítorí pé bí ẹni dorí òkòtó tí a ń ta nígbà èwe wa kodò ni wọ́n rí, òkòtó náà sì ni àwọn tó ń kọ ìwé ìṣirò ní èdè wa ń lò fún irú ohun bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ kì í lé ọkọ̀ nínú eré yìí. Agogo tó ń ka ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ni awakọ̀ ń bá figagbága, ìṣẹ́jú kan kì í sì í sábàá pé kí ó tó sá a tán. Ẹni tó bá gbá òkòtó kan, wọn yóò fi ìṣẹ́jú-àáyá 2 kún àkókò rẹ̀. Ẹni tó bá ṣi ọ̀nà, ìsáré yẹn ti ṣòfò. Ìyára ọkọ̀ níbẹ̀ kì í sábàá kọjá ti ojú ọ̀nà márosẹ̀ tí gbogbo wa ń tọ̀ lójoojúmọ́.

Ẹgbẹ́ tó gbajúmọ̀ jù nídìí eré yìí ni Sports Car Club of America, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1944. Solo ni wọ́n sọ tiwọn, ìyẹn àdánìkanṣe, wọ́n sì ti ń ṣe ìdíje àpapọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ láti ọdún 1973. Láti ọdún 2009, Lincoln ní ìpínlẹ̀ Nebraska ni wọ́n ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ní àwọn ìlú káàkiri, ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá, tó sì rí akoto dé orí, lè san owó kó sì wọlé. Nọ́ọ̀sì, telọ, akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo wọn ni mo rí níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1987, nígbà tí ọwọ́ ètò SAP ti le mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó rà fún fàájì ní gbogbo ayé rẹ̀ ni Mazda Miata pupa kan, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1995, tí òun rà ní àlòkù ní ọdún 2004. Ọdún 1989 ni ilé-iṣẹ́ Mazda kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde. Ènìyàn méjì péré ló ń gbà. Aṣọ ni òrùlé rẹ̀, a sì máa ṣeé ká sẹ́yìn. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju tọ́ọ̀nù kan lọ púpọ̀. Bí a bá tan iná iwájú rẹ̀, ojú méjèèjì a yọ sókè bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Bí a bá pa á, wọn a tún rì wọlé. Nígbà tó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, ìyá wa wò ó títí, ó sì béèrè pé níbo ni àwọn ọmọ yóò jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n mi kò rí èsì fọ̀.

Ó papòdà ní ọdún 2020. Ọkọ̀ náà wà nínú ilé ọkọ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko, eruku bò ó. Nígbà tó wá yá, ọmọkùnrin rẹ̀, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ wo autocross. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọkọ̀ bàbá òun ni òun yóò fi ṣe é.

Àwọn aya ilé wa kì í pe ẹni tí wọ́n bá nílé lórúkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́ ni wọ́n bá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gbé Amẹ́ríkà, síbẹ̀ Bọ̀dá Tíṣà ló ń pè mí títí di òní. Ó pè mí lóru ọjọ́ kan. “Bọ̀dá Tíṣà, ẹ dákun, ẹ bá mi bá ọmọ yín wí. Ó ní òun fẹ́ fi ọkọ̀ bàbá òun sá eré àsápajúdé. Kò gbọ́ tèmi. Ẹ̀yin ni bàbá tó kù fún un.”

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo gba iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kì í máàkì ìwé tí kò tíì kà. Nígbà tí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n fi wo ohun tí ọmọ náà ń ṣe.

Mo ti rò pé ìmúrasílẹ̀ ọkọ̀ fún eré bẹ́ẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí a ó rà kún un. Ohun tí a ó kó kúrò nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Òfin ni pé ohunkóhun tí a kò bá dè mọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ sí nínú ọkọ̀, nítorí pé bí ọkọ̀ bá ń yà sọ́tùn-ún sósì lójijì, ìgò omi lásán lè yí lọ sábẹ́ ìtẹ̀ bíréèkì, kí awakọ̀ tẹ̀ ẹ́ kó má wọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kún fún ohun tí a kò dè mọ́lẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì Ebenezer Obey mẹ́ta wà níbẹ̀, agboòrùn kan, ìgò Robb kékeré tó ti gbẹ, rìsíìtì ilé epo tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ti parẹ́, àti fìlà gọ̀bì kan tí wọ́n ká sínú àpótí kékeré iwájú ìjókòó kejì. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni ìyá ọmọ náà ti kọ̀ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n.

Ọkàn mi sọ fún mi pé ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà yóò ti dìjà. Ọmọ náà gbé páálí kan kalẹ̀, ó ń kó wọn sínú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan fìlà, ó dúró, ó bi mí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe ń ká a. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi hàn án. Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyá rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sọ nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé páálí náà wọlé nígbà tó kún.

Ohun tó tẹ̀ lé èyí kò gba àròyé. Wọ́n fa epo bẹntiróòlù tó ti bàjẹ́ jáde, wọ́n pààrọ̀ ọ́ọ̀lì, bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì àti àwọn rọ́bà tí omi ń gbà kọjá. Mo wá bátìrì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì títí, n kò rí i. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ṣí búùtù: inú búùtù ni bátìrì Miata ń gbé. Ó de irin tó gbá a mú le dáadáa, nítorí bátìrì tó bá ń mì wà lára ohun tí àwọn olùyẹ̀wò fi ń lé ọkọ̀ padà sílé.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí táyà. Àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà ṣì ní ojú dáadáa. Èmi ì bá wọ̀ wọ́n dé Ìlọrin láìbẹ̀rù. Ọmọ náà tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan, ó ní kí n ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà níbẹ̀: 3212. Ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 2012 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ a máa le gbagidi, kì í di ilẹ̀ mú mọ́, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ pé. Mo ronú kan àwọn táyà àlòkù tí wọ́n ń tò sẹ́bàá ọ̀nà nílé, tí a ń fi èékánná tẹ̀, tí a ń dúnàádúrà lé lórí. Àwa mélòó ló ń ka nọ́ńbà yẹn? Òǹkọ̀wé ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́ àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìjọba àpapọ̀ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1988, Wole Soyinka, mo sì rí i báyìí pé ó bójú mu: ìwé kíkà wà nínú ọ̀ràn táyà. (Ọmọ náà kò mọ̀ pé Tòkunbọ̀, tí à ń sọ ọmọ tí a bí ní òkè òkun bíi tirẹ̀, ni a tún fi ń pe ọkọ̀ àlòkù ní Nàìjíríà. Ó bi mí èwo nínú méjèèjì ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà. Mo ní ènìyàn ni, ara rẹ̀ sì balẹ̀.)

Ẹgbẹ́ tó fẹ́ bá díje ni wọ́n ń pè ní Street, òfin ẹgbẹ́ náà sì wù mí. A kò gbọdọ̀ fọwọ́ bọ inú ẹ́ńjìnnì láti fi agbára kún un. A lè pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì abẹ́ ọkọ̀, a lè pààrọ̀ páàdì bíréèkì, ṣùgbọ́n táyà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a lè wọ̀ lọ sọ́jà, tí nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ń yára jẹ kò gbọdọ̀ dín ní 200. Bí nọ́ńbà yẹn bá ti kéré tó ni rọ́bà máa ń rọ̀ tó, tó sì máa ń di ilẹ̀ mú tó. Ọmọ náà ra mẹ́rin. Lẹ́yìn èyí ló ní kí n fún òun ní ẹfun ìkọ̀wé tó wà nínú àpò rẹ̀. Ní ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ṣọ́ọ̀kì ni ẹfun ìkọ̀wé. Ní ẹnu mẹkáníìkì àdúgbò mi, ṣọ́ọ̀kì ni irin tó ń gba ìgbọ̀nrìrì ọkọ̀. A lo méjèèjì. Wọn a máa fi ẹfun fa ìlà láti etí ojú táyà wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sáré dé, a ó wo ibi tí ẹfun ti parẹ́ dé. Bó bá parẹ́ wọ ẹ̀gbẹ́ táyà jìnnà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré. Bí ti etí ojú táyà bá ṣì wà síbẹ̀, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Èmi tí mo ti fi ọgbọ̀n ọdún fa eruku ẹfun símú, n kò mọ̀ pé ó tún ní iṣẹ́ mìíràn láyé.

Bíréèkì ni iṣẹ́ tí mo bá a ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun gan-an sì ni mo ṣe ń kọ àròkọ yìí. Epo bíréèkì a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bó bá ti pẹ́, tí bíréèkì sì gbóná, omi inú rẹ̀ a hó, a di ìfóófòó, awakọ̀ a wá tẹ bíréèkì bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ ti epo àtijọ́ jáde pẹ̀lú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, kí a fi tuntun rọ́pò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: pẹ̀lú irinṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ẹni méjì ló lè ṣe é. Ẹnìkan yóò jókòó sí àyè awakọ̀, yóò máa tẹ bíréèkì. Ẹnìkejì yóò wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà, yóò máa tú nọ́ọ̀tì kékeré kan, yóò sì máa dì í. Ẹsẹ̀ tó jìnnà jù sí máásítà bíréèkì ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ti ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, ti iwájú lọ́dọ̀ awakọ̀ sì ni a fi ń parí rẹ̀.

Ewu kan wà níbẹ̀. Bí ẹni tó wà lókè bá gbẹ́sẹ̀ kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ tó di nọ́ọ̀tì, afẹ́fẹ́ yóò fà wọlé, iṣẹ́ di àtúnbẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò sì rí ojú ara wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló so wọ́n pọ̀.

Ọmọ náà dùbúlẹ̀, ó pàṣẹ fún mi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo dá a lóhùn pé ẹsẹ̀ mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fún òun ní ọ̀rọ̀. Mo fún un ní mẹ́ta: tẹ̀ ẹ́, dì í mú, gbẹ́sẹ̀. Mo tún rán an létí pé àbúrò bàbá rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ dì í mú, ẹ gbẹ́sẹ̀. Ó béèrè bóyá bíréèkì ní sùúrù fún “ẹ”. Mo ní ó ní.

A bẹ̀rẹ̀. Láti abẹ́ ọkọ̀, ọmọ náà fi gbogbo ohùn rẹ̀ kígbe pé, “Ẹ tẹ́!”

Ẹ̀yin tí ẹ mọ èdè yìí mọ ohun tó sọ sí mi. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ láti ilé ìdáná, ó sáré jáde, ó ní, “Ta ló tẹ́? Bọ̀dá Tíṣà ni ò ń sọ pé wọ́n tẹ́?” Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó fara ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé. Ọmọ náà wà nílẹ̀, ó ń béèrè kí ni òun ṣe.

Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní àmì ohùn láti ìgbà tí mo ti gba oyè ẹ̀kọ́ mi. Mo ti fi ọkọ́ àti ọkọ̀, igbá àti ìgbà, kọ́ wọn, wọ́n sì ń gbà á wọlé fún ìdánwò, wọ́n ń gbàgbé rẹ̀ lọ́la. N kò ní irú irinṣẹ́ ìkọ́ni báyìí rí. Ohùn ọmọ náà gbọ́dọ̀ wálẹ̀ lórí “tẹ̀”, kó sì tó gòkè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ mi kò ní gbéra. Mo sì gbọ́dọ̀ dáhùn pé “mo ti dì í mú” kí ó tó fọwọ́ kan sípánà. Òun ń lé, èmi ń gbè. Epo tó kọ́kọ́ jáde dúdú bí omi àgbo. Nígbà tó yá, ó mọ́ gaara bí òróró àgbọn. Ó tó wákàtí méjì tí a fi ṣe ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nígbà tí a fi máa dé ẹsẹ̀ kẹta, n kò tún un sọ fún un mọ́.

Ọjọ́ Àìkú ni eré náà. Ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni òun ń lọ. Nígbà tí a dé ibẹ̀, olùyẹ̀wò mi ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan jìgìjìgì, ó fa bátìrì, ó fa ìgbànú ìjókòó, ó yẹ abẹ́ ìjókòó wò fún ohun tí a kò dè, ó wo àmì Snell inú akoto, lẹ́yìn náà ló tẹ bíréèkì. Ó le bí òkúta. Ó mi orí sí wa. Ọmọ náà wá fi tépù aláwọ̀ búlúù ya nọ́ńbà rẹ̀ sára ilẹ̀kùn méjèèjì: 58. Ọdún 1958 ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi. Kò sọ ọ́, n kò sì béèrè.

Kò sí ìfidánrawò nínú autocross. Ẹsẹ̀ ni gbogbo awakọ̀ fi ń rin ọ̀nà òkòtó náà ní òwúrọ̀, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n ń há a sórí, tí ètè wọn ń mì bí ti ọmọ awo tó ń ka ẹsẹ sínú. Ẹni tí kò bá sì sí nínú ọkọ̀ yóò lọ dúró sínú oòrùn láti máa gbé òkòtó tí àwọn mìíràn bá gbá dìde, kó sì dá a padà sórí àmì rẹ̀ gan-an. Nígbà tó bá kan àwọn, tirẹ̀ náà ni wọ́n yóò gbé. Wọ́n bi mí bóyá irú rẹ̀ wà nílé wa. Mo ní àáró ni. Kò yàtọ̀ sí ti oko.

Ìsáré àkọ́kọ́, olùkọ́ni kan jókòó tì í, ó gbá òkòtó mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó ṣi ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kẹta mọ́ tónítóní. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló yá jù ú lọ. Mo fi ẹfun tirẹ̀ wo táyà, a dín afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn kù díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹrin sì tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Mo ní, “Ìyàwó wa, mo ti wo ọ̀rọ̀ tí ẹ rán mi. N kò ní bá ọmọ náà wí.” N kò sọ fún un pé kò séwu, irin ni, irin kò sì mọ ẹni tó ni ín. Mo sọ ti òkòtó rọ́bà tí kì í pa ènìyàn, ti akoto, ti táyà, ti bíréèkì. Mo sọ pé ọkọ̀ náà dá ṣáṣá lónìí ju ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń fi í lọ ra búrẹ́dì lọ. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá béèrè ohun kan ṣoṣo: “Bí ẹ bá padà sílé, ta ni yóò máa bá a tẹ bíréèkì?”

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ohùn kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Kò sí àlàyé, kò sí àwòrán. Mo gbọ́ tí irin kan irin. Ohùn ọmọkùnrin náà sì jáde láti ìsàlẹ̀, ó wálẹ̀ níbi tó yẹ, ó gòkè níbi tó yẹ: “Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ dì í mú.” Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn láti òkè pé òun ti dì í mú, kó yára, ẹsẹ̀ ń ro òun.